Ẹ Bi Wọlé-wọlé: Ta ló ni gọ́tà, ta ló ni odò?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òjò ti ń ṣú, lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi lóṣù yìí sì fi hàn bẹ́ẹ̀: omi gọ́tà, omi aró, omi dáàmù, omi kànga. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka abala yìí, wọlé-wọlé kánsù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ṣe é, láti ayé tí a ṣì ń wọ kákí, tí a ń yọjú wo inú àmù àwọn èèyàn bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí ti sá pamọ́ fún mi rí. Mo mọ̀ yín. Ó ti tán, ẹ jáde.

Mọ̀mí Wọlé-wọlé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bá odò Sókòrí ni ilé mi wà. Aládùúgbò mi kan ti fa ògiri rẹ̀ dé etí odò gan-an, àwọn tó wà lókè wa sì ń da pàǹtírí sínú gọ́tà. Bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, inú pálọ̀ mi ni omi ń wọ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn. Mo lọ sí òmíràn, wọ́n ní kí n padà sí ti àkọ́kọ́. Ta ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀? — Onílé kan, Abẹ́òkúta

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹjọ́ méjì ni ẹ so mọ́ra wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jù yín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹjọ́ gọ́tà lọ́tọ̀, ẹjọ́ ògiri lọ́tọ̀, ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó sì kàn fún wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti gọ́tà. Gọ́tà àdúgbò, ti kánsù ni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní àfikún kan lẹ́yìn, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: títì àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, ọjà, ilé ìpẹran, ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtírí dànù. Kódà ọmọlanke àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wà níbẹ̀, kánsù ló yẹ kó fún wọn níwèé àṣẹ. Gọ́tà ńlá tó bá títì ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀ rìn, ẹni tó ni títì ló ni ín. Ṣùgbọ́n èyí tó gba iwájú ilé yín kọjá, tí ẹ ń fi pákó tẹ́ kí ẹ tó wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́ kánsù sọ fún yín pé kì í ṣe tàwọn.

Bí àdúgbò yín bá bọ́ sí Gúúsù Abẹ́òkúta, Aké ni ẹ ó lọ. Bó bá jẹ́ ti Àríwá ni, Akọ́mọjẹ ni. Ẹ má lọ jókòó sí pálọ̀ alága o. Àwọn tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ àti owó ìsìnkú ti kún ibẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ rí alága, ẹ̀rín músẹ́ ni ẹ ó gbà bọ̀. Ẹ béèrè ẹ̀ka ìlera àyíká. Níbẹ̀ ni àwọn wọlé-wọlé wà.

Ẹ má sì fi ẹnu sọ ọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹjọ́ tí wọ́n bá fi ẹnu sọ fún wa, bí ẹni tó gbọ́ ọ bá ti lọ jẹun ọ̀sán, ó ti parí. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ, ẹ̀dà méjì. Ẹ fi orúkọ àdúgbò sí i, ilé tí wọ́n ti ń da pàǹtírí, ọjọ́ tí omi wọlé, àti fọ́tò. Bí CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, bá fọwọ́ sí i, ó dáa ju kí ẹ dá a kọ lọ, torí wọn kò ní lè sọ pé ìjà aládùúgbò ni. Ẹ̀dà kan fún wọn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ìkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ gbé e dání relé. Ìwé tó ti lóǹtẹ̀, ó ti wọ fáìlì. Bí ọ̀gá bá béèrè fáìlì, ẹnìkan ní láti kọ sínú rẹ̀ pé òun lọ wò ó, tàbí kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi lọ.

Nígbà tí wọlé-wọlé bá dé, ohun tó máa ṣe ni pé á wo ohun tó wà nílẹ̀, á sì kọ ìwé ìkìlọ̀ fún onílé tó ń da pàǹtírí: ohun tó rí, ohun tí onílé náà gbọ́dọ̀ ṣe, iye ọjọ́ tó ní. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn á padà wá. Bí kò bá sí àyípadà, kóòtù ló kàn. Ìwé ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe ohun ẹ̀rù bí àwọn èèyàn ṣe rò, àǹfààní tí òfin fún onílé láti tún nǹkan ṣe ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò ní dé kóòtù rárá. Bí wọ́n bá ti rí orúkọ wọn lórí pépà kánsù, wọ́n á wá ẹni tó ní ṣọ́bìrì.

Ẹ̀yin náà, kí wọ́n tó dé, ẹ mú igi gígùn kan kí ẹ ki í bọ inú gọ́tà yẹn níbi tí omi ti dúró. Ohun tí ẹ ó bá lókè ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike. Lábẹ́ rẹ̀ ni páńpásì ọmọdé. Lábẹ́ ìyẹn ni iyanrìn tó ti dì, èyí tí òjò fọ̀ wá láti orí òkè, láti ojú títì tí wọn kò da ọ̀dà sí àti ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Pàǹtírí ni gbogbo ayé ń wí, ṣùgbọ́n ní ìlú àpáta bíi tiwa, iyanrìn ló ń di gọ́tà pa jù. Omi kò ráyè wọ ilẹ̀ tó jinlẹ̀, orí òkúta ló ń sáré gbà, ohunkóhun tó bá sì bá lọ́nà ló ń gbé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ iyanrìn yẹn sínú lẹ́tà. Ẹni tó ń kó ọ̀rá nìkan kúrò, kò tíì ṣe iṣẹ́.

Ó ku ògiri. Ìyẹn ju agbára wọlé-wọlé lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí pílánì ilé, àwọn náà ló ń sọ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí odò tó. Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ni kí ẹ gbé ìyẹn lọ, sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ àyíká. Ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà kánsù tó lóǹtẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n má baà dá yín padà sí Aké. Aládùúgbò yín á bínú o. Ẹ jẹ́ kó bínú. Gbogbo wa la rántí oṣù keje 2018, nígbà tí omi gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ nínú ìlú yìí, tí wọ́n sì wá fi katakata wó àwọn ilé tó dí omi lọ́nà. Kí wọ́n yẹ ògiri kan padà lónìí rọrùn jùyẹn lọ.

Bí wọ́n bá sì sọ fún yín ní kánsù pé kò sówó, ẹ rán wọn létí ọjọ́ 11 oṣù keje 2024. Ọjọ́ náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Káńsélọ̀ wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ bi pé: èló ni ti gọ́tà níbẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ń háyà ni wọ́n fẹ́ràn láti máa kọ́, torí ṣọ́ọ̀bù ṣeé gé ríbọ́ńnì sí.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Aláró ni mí, inú àgbàlá kan nítòsí Ìtọ̀kú ni a ti ń ṣe àdìrẹ. Omi aró tó bá ṣẹ́kù, gọ́tà là ń dà á sí, bí ìyá wa àti ìyá ìyá wa ti ń ṣe. Wọlé-wọlé tuntun kan wá, ó ní bí a bá tún dà á, òun á kó wa. Ṣé aró wá di májèlé ni? — Ìyá Aláró

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, ìyá aláró. Ti wọlé-wọlé yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ: kò lè kó yín bẹ́ẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ ló ń ṣáájú, bí mo ti sọ fún Bàbá lókè. Kò sì gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láìjá rìsíìtì kánsù. Bí ó bá ní kí ẹ rí òun lẹ́yìn ilé, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ omi, kò purọ́. Ohun tí ìyá ìyá yín ń dà sí gọ́tà, ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún àti omi eérú ni. Wọn kì í tilẹ̀ dà á nù púpọ̀, wọ́n á máa bọ́ ìkòkò náà ni, wọ́n á fi ẹ̀lú kún un, wọ́n á fi eérú kún un. Tiyín, kọ́sítíìkì sódà ni, haidiro ni, àti àwọ̀ oníyẹ̀fun inú ike. Kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà là ń pè é.

Ẹ̀yin náà ti fojú rí ohun tí haidiro ń ṣe. Bí ẹ bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, kì í kọ́kọ́ ṣe búlúù, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Kí ẹ tó nà án sórí okùn tán, etí rẹ̀ á ti máa ṣú, á máa ṣú bọ̀ wá sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ á fi di aró. Atẹ́gùn ló ṣe é. Haidiro ti gba ọ́síjìn inú omi tán nínú ìkòkò, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi yọ́ wọnú òwú. Nígbà tí aṣọ jáde tó bá atẹ́gùn pàdé, àwọ̀ náà dì mọ́ ọn, kò ní ṣí mọ́. Ó dáa. Nígbà tí ẹ bá wá da omi tí haidiro ṣì wà nínú rẹ̀ sí gọ́tà, tó dé inú odò, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe níbẹ̀. Ọ́síjìn tí ẹja àti gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú odò ń mí ló máa gbà. Kọ́sítíìkì ní tirẹ̀, ẹ ò nílò kí n sọ ìyẹn. Ẹ wo èékánná àwọn ọmọ iṣẹ́ yín tí kì í wọ ìbọ̀wọ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti ọ̀la lọ nìyí. Ẹ má da ìkòkò nù lọ́jọ́ tí ẹ bá pa aṣọ tán. Bó bá ṣì lágbára, ẹ fi pa aṣọ tí ẹ fẹ́ kó ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn oníbàárà wà fún un. Bí kò bá lágbára mọ́, ẹ yí i sínú ọpọ́n fífẹ̀ tàbí dúróòmù tí wọ́n là sí méjì, kí ẹ máa rò ó, kó sùn síbẹ̀. Atẹ́gùn á pa haidiro inú rẹ̀, àwọ̀ á sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ẹ rọra gbọ́n omi òkè kúrò. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ dì í sínú àpò fún àwọn tó ń kó pàǹtírí, kì í ṣe fún gọ́tà, kì í sì í ṣe fún ẹ̀yìn ilé níbi tí kànga wà.

Kọ́sítíìkì ni kì í lọ báyẹn. Ó wà nínú omi tí ẹ gbọ́n yẹn síbẹ̀, kò sì sí ohun tí aláró kan lè dá ṣe sí i tí owó kò ní bá a lọ. Kòtò àjùmọ̀lò tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, níbi tí wọ́n ti máa fi ásíìdì díẹ̀ pa agbára rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣàn, lohun tó yẹ àgbègbè yín. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè rẹ̀: iṣẹ́ kánsù ni ọjà, iṣẹ́ kánsù ni gọ́tà, ẹ sì ń san owó fún wọn. Àdìrẹ ni gbogbo àlejò ń bá lọ bí wọ́n bá gun Olúmọ tán, ijọba ìbílẹ̀ wo ni kò ní fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kí ẹgbẹ́ yín kọ̀wé. Kí ẹ sì kọ òmíràn sí yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní ọ̀nà Alábàtà, FUNAAB. Wọ́n ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ ti àyíká, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ a sì máa wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Kí wọ́n wá fi ti yín ṣe é, dípò kí wọ́n bu omi yín sínú ìgò lọ láìsọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fún yín. Ẹ béèrè àbájáde.

Mọ̀mí, ní Sátidé ìmọ́tótó, wọn kì í jẹ́ kí á gbé ọ̀kadà jáde láti aago méje títí di mẹ́wàá. A ó kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sójú títì. Ibẹ̀ ló máa wà, òjò á sì gbá a padà sínú gọ́tà. Kí wá ni èrè rẹ̀? — Ọlọ́kadà, Láfẹ́ńwá

Kò sí, ọmọ mi. Láti ayé Bùhárí àti Ìdíàgbọn, tí wọ́n ti bá wa dá ìmọ́tótó oṣooṣù sílẹ̀, kíkó jáde nìkan ni wọ́n kọ́ wa, kíkó lọ ni wọn kò tẹnu mọ́. Ẹrẹ̀ tí kò bá kúrò lójú títì kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ì bá kúkú fi í sílẹ̀ nínú gọ́tà. Àdúgbò tó bá gbọ́n máa ń kó o sínú àpò sìmẹ́ǹtì bó bá ti ń jáde, á sì ti bá ẹni tó máa kó o lọ sọ̀rọ̀ ṣáájú, ìbáà jẹ́ kánsù, ìbáà jẹ́ OGWAMA tó ń mójú tó pàǹtírí fún ìpínlẹ̀, ìbáà jẹ́ onímọ́tò pàǹtírí tó níwèé àṣẹ. Iyanrìn tó dáa nínú rẹ̀ wúlò, ẹ lè fi dí kòtò ojú ọ̀nà yín. Ẹ má fún ọlọ́mọlanke tí kò níwèé. Odò Ògùn ni wọ́n máa lọ dà á sí ní òru, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Láfẹ́ńwá lẹ sì máa kọ́kọ́ rí i.

Ìyá wa, etí odò Ògùn ni mo ti ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Bó bá di oṣù kẹsàn-án, wọ́n á ṣí dáàmù Ọ̀yán, omi á gbé oko mi. Kí ló dé tí alága kánsù wa ń jẹ́ kí wọ́n ṣí i? — Àgbẹ̀ kan

Alága yín kò ní kọ́kọ́rọ́ dáàmù, ẹ jẹ́ kó sinmi. Lóòótọ́, ilẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta ni dáàmù náà wà, ṣùgbọ́n ti ìjọba àpapọ̀ ni, lábẹ́ àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ọ̀nà Alábàtà yìí náà. Ní 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù náà. Ó gba omi tó tó 270 mílíọ̀nù mítà oníhà mẹ́ta. Wọ́n ṣe é kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu, kí àwọn àgbẹ̀ rí omi fi bomi rin oko, kó sì tún máa mú iná mànàmáná wá. Àwọn ẹ̀rọ iná náà jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn tún ni lẹ́tà mìíràn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣí i ni pé odò Ọ̀yán ń gba omi láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, dáàmù ti kún. Bí wọn kò bá jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀, ògiri dáàmù fúnra rẹ̀ lè wà nínú ewu, ìyẹn ni Ọlọ́run má jẹ́. Odò Ọ̀yán wá ń wọnú odò Ògùn lókè Abẹ́òkúta, ó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ó ń lọ bá àwọn ará Ìṣẹ́rì àti Àjẹgúnlẹ̀ lápá Èkó. Ohun tí mo bá àjọ náà jà sí ni bí wọ́n ṣe ń kéde. Orí rédíò àti ìwé ìròyìn ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń túlẹ̀ létí odò ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ibẹ̀ ni kánsù ti wúlò fún yín. Wọ́n ní káńsélọ̀, wọ́n ní baálẹ̀, wọ́n lè mú ìkéde dé abúlé nínú ọjọ́ kan. Ẹ̀yin àgbẹ̀ etí odò, ẹ para pọ̀ kọ̀wé sí kánsù pé kí wọ́n bá yín gba ètò ìṣídáàmù ọdún yìí lọ́wọ́ àjọ náà, ní oṣù wo, ní ìwọ̀n wo. Ìjọba àpapọ̀ náà ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀kún omi jáde lọ́dọọdún, wọ́n máa ń dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ewu. Kí wọ́n kà á sí yín létí ní Yorùbá. Ní ti oko, ẹ gbin àgbàdo ní àkọ́rọ̀ òjò kó lè ti gbó kó tó di oṣù kẹjọ, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn sinmi, kí ẹ padà sí i pẹ̀lú ẹ̀fọ́ nígbà tí omi bá fà. Ẹrẹ̀ tí odò bá fi sílẹ̀ lọ́ràá dáadáa, kò ní béèrè ajílẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbà mí o. Onílé ẹ̀gbẹ́ mi ń gbẹ́ sókàwéè, ó kù díẹ̀ kó kan kànga mi. Ó ní inú ilẹ̀ òun ni òun ń gbẹ́. — Opó kan, Abẹ́òkúta

Inú ilẹ̀ rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ fẹ́ńsì. Mítà 30 ni a máa ń fẹ́ kó wà láàárín kànga àti sókàwéè tàbí ṣáláńgá, kí kànga sì wà lókè ju sókàwéè lọ. Nílùú tiwa ó tún le jù bẹ́ẹ̀, torí àpáta abẹ́ wa ní ihò àti ìlà, ohun ẹlẹ́gbin lè gba ibẹ̀ kọjá láìsí iyanrìn tó máa sẹ́ ẹ. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera àyíká lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n wá wò ó kí wọ́n tó da kọnkéré. Ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ṣeé ní kí wọ́n dí padà. Bí wọ́n bá ti mọ ọ́n tán, ẹjọ́ á gùn. Títí wọ́n á fi dé, omi kànga yẹn, ẹ máa sè é kí ẹ tó mu, bó tilẹ̀ mọ́ lójú.